Kí Ẹ Tó Sanwó Síńkì Ilé Ìdáná

Bí tọkọtaya ọ̀dọ́ bá fẹ́ kó wọ ilé tuntun, ẹ ó rí i pé orí táìlì, kọ́bọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ ìdáná ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń dá lé. Wọ́n lè fi ọjọ́ mẹ́ta jiyàn lórí àwọ̀ táìlì nìkan. Síńkì ni wọ́n máa ń rà kẹ́yìn, pẹ̀lú owó tó bá ṣẹ́ kù, lọ́wọ́ ọlọ́jà tó bá kọ́kọ́ pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun èlò tí ọwọ́ wa ń kàn tó síńkì kò wọ́pọ̀ nínú ilé. Ibẹ̀ la ti ń ṣan ìrẹsì, ibẹ̀ la ti ń fọ ẹran àti ẹja, ibẹ̀ náà sì ni abọ́ gbogbo ilé ń padà sí láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Síńkì àkọ́kọ́ tí a rà sílé wa kọ́ wa lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n owó ẹ̀kọ́ náà kò kéré.

Ọkọ mi ló dá lọ rà á. Ó fẹ́ fi ta mí lọ́rẹ lójijì ni. Ó gbé e wọlé ní alẹ́ Sátidé kan, ó tú páálí rẹ̀, síńkì ọlọ́pọ́n méjì sì yọ, ó ń dán gbinrin. Èèyàn lè jókòó síwájú rẹ̀ kí ó dirun. Iye tó rà á kò tó ìdajì ohun tí wọ́n pe èyí tí èmi ti ń wò lọ́jà. Inú àwa méjèèjì dùn, a sì pe púlọ́ńbà kí ó wá bá wa dè é.

Kò pé oṣù mẹ́jọ tí àwọn àmì pupa kéékèèké fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ yí ihò tí omi ń gbà jáde ká. Lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀ ọpọ́n kan tẹ̀ níbi tí a máa ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ sí, tó fi jẹ́ pé omi kì í ṣàn tán níbẹ̀ mọ́. Àkókò yẹn ni ìyá ọkọ mi wá bá wa wẹ ọmọ wa kejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n dúró ti síńkì, wọ́n sì pè mí.

“Ìyàwó mi, kí ló dé tí síńkì yín ń pọ́n báyìí?”

“Màámi, èmi náà ò mọ̀ o. Síténlẹ́ẹ̀sì ni. Wọ́n ní kì í dóògún.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ṣé ẹni tó tà á ni?”

N kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí púlọ́ńbà àgbàlagbà kan yọ síńkì náà níkẹyìn, a rí i pé omi ti ń jò sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tipẹ́. Pákó rẹ̀ ti wú, ó sì ti jẹrà. Owó tí a fi tún kọ́bọ́ọ̀dù ṣe ju owó tí a fi ra síńkì lọ. Bàbá náà da síńkì dojú bolẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó dún bí agolo mílíìkì. Ó ní, “Màdáàmù, ojú lẹ rà, ẹ ò ra ara.” Lẹ́yìn náà ló mú kànìnkànìn onírin tí mo fi ń fọ ìkòkò, ó gbé e sókè, ó ní, “Èyí náà sì dá kún un.”

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí: bí a ṣe ń ra síńkì tó ní ara, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kí ara náà má bàa bàjẹ́. Yorùbá ní ìwà lẹwà. Ọ̀rọ̀ síńkì náà kò yàtọ̀.

Kí ni síténlẹ́ẹ̀sì gan-an?

Irin lásán, bí omi àti afẹ́fẹ́ bá ń kàn án, yóò dóògún dandan. Ní ọdún 1913, ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Harry Brearley ń wá irin tí kò ní tètè jẹ nínú ẹnu ìbọn. Nígbà tó po èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kírómíọ̀mù mọ́ irin, ó ṣàkíyèsí pé irin tuntun náà kì í tètè dóògún, àti pé àwọn ohun kíkan bí ọtí kíkan kò rí i jẹ. Àwọn onímọ̀ ní Jámánì náà ń ṣiṣẹ́ lórí irú irin bẹ́ẹ̀ ní àkókò kan náà. Sheffield ti gbajúmọ̀ tipẹ́ fún ọ̀bẹ rírọ, nítorí náà ara ọ̀bẹ oúnjẹ ni wọ́n tètè lò ó sí kí ó tó di ohun tí a ń fi ṣe ìkòkò, ṣíbí àti síńkì.

Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ nìyí. Bí kírómíọ̀mù inú irin bá ti tó ìdá 10.5 nínú 100, ó kéré tán, yóò dara pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ láti ta awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo irin náà. Ojú wa kò lè rí awọ yìí, ṣùgbọ́n òun ló ń dá omi dúró. Bí ọ̀bẹ bá ha á, yóò tún ta padà fúnra rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń kàn án tí kò sì sí iyọ̀ tàbí kẹ́míkà líle tó ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, ìwọ̀n wà fún ọ̀rọ̀ ‘kì í dóògún’ tí àwọn ọlọ́jà máa ń sọ. Irin náà ń bá ìdóògún jà ni, agbára ìjà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Nọ́ńbà mẹ́ta tó yẹ kí ẹ mọ̀

Àwọn nọ́ńbà mẹ́ta tí ẹ ó máa bá pàdé lọ́jà ni 304, 201 àti 430. Irin 304 ni a fi ń ṣe síńkì tó dára. Kírómíọ̀mù inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 18 nínú 100, èròjà kejì tí wọ́n ń pè ní níkẹ́ẹ̀lì sì tó nǹkan bí ìdá 8. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ‘18/8’ lára ṣíbí tàbí ìkòkò kan. Níkẹ́ẹ̀lì ló ń mú kí irin náà rọ̀ tó láti tẹ̀ di ọpọ́n láìsán, ó sì ń kún agbára rẹ̀ lọ́wọ́ láti bá ìdóògún jà.

Níkẹ́ẹ̀lì wọ́n, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n òwò ti wọ̀ ọ́. Nínú irin 201, wọ́n dín níkẹ́ẹ̀lì kù sí nǹkan bí ìdá 4 tàbí 5, wọ́n sì fi èròjà mìíràn tó ń jẹ́ manganíìsì dí àlàfo rẹ̀. Bó ṣe ń dán kò yàtọ̀ sí ti 304 lójú, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ àti omi bá ń bá a gbé, òun ló máa kọ́kọ́ rẹ̀. Irin 430 ní kírómíọ̀mù, àmọ́ a lè ní kò ní níkẹ́ẹ̀lì rárá. Ó wúlò fún ọ̀pọ̀ ohun èlò tí kì í bá omi gbé, ṣùgbọ́n síńkì kì í ṣe irú wọn. Irin kẹrin, 316, tún lágbára ju 304 lọ níwájú iyọ̀. Àwọn tí ilé wọn wà ní etí òkun lè ronú nípa rẹ̀ bí owó bá wà, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ilé, 304 ti tó.

Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn mọ̀-ọ́n-mọ̀ ra 201 nítorí owó tó wà lápò rẹ̀. Ohun tó burú ni kí wọ́n ta 201 fún un ní iye 304. Báwo la ṣe lè dá wọn mọ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń mú òòfà lọ sọ́jà. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí agbára òòfà mọ. Òòfà yóò lẹ̀ mọ́ 430 pinpin, nítorí náà yóò tú àṣírí rẹ̀. Kì í lẹ̀ mọ́ 201, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í lẹ̀ mọ́ 304, nítorí náà kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bákan náà, ó lè fa 304 díẹ̀ ní igun ọpọ́n níbi tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ ẹ́. Èyí kò sọ pé ayédèrú ni. Láti mọ 201 yàtọ̀, ẹ wo àmì tí wọ́n tẹ̀ sára irin fúnra rẹ̀, ẹ má gbára lé bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ní kí ọlọ́jà kọ ‘304’ sínú rìsíìtì yín. Ẹni tó mọ̀ pé òótọ́ lòun ń tà kì í lọ́ra láti kọ ọ́. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwíjàre, èsì ti dé nìyẹn.

Bí irin ṣe nípọn tó

Ohun kejì tí púlọ́ńbà wa fi ìka kàn ni bí irin ṣe nípọn tó. Géèjì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, ìṣirò rẹ̀ sì máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, nítorí pé bí nọ́ńbà géèjì bá ṣe kéré tó ni irin ṣe ń nípọn tó. Géèjì 16 tó nǹkan bí mìlímítà 1.5, géèjì 18 tó nǹkan bí mìlímítà 1.2, géèjì 20 sì sún mọ́ mìlímítà 0.9. Géèjì 22 kò ju nǹkan bí mìlímítà 0.8 lọ. Fún ilé tí wọ́n ti ń se oúnjẹ lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń gbé ìkòkò wúwo, géèjì 18 ni mo gbà yín níyànjú láti rà. Géèjì 16 sàn jù ú lọ bí agbára bá ká a. Géèjì 20 lè tó fún síńkì kékeré tí abọ́ àti ife nìkan ń wọ̀.

Ẹ má fi etí síńkì díwọ̀n. Wọ́n máa ń ká etí rẹ̀ ní ìṣẹ́po, èyí tó ń mú kí ó dà bí ẹni pé ó nípọn. Ibi ihò tí a ó ti ki ẹ̀rọ omi bọ̀ ọ́ ni kí ẹ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gé irin náà sí gbangba. Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ àárín ọpọ́n rẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ wọlé tó sì ta padà pẹ̀lú ariwo, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ kíyè sí igun rẹ̀ pàápàá: nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tẹ irin pẹlẹbẹ di ọpọ́n, irin náà ń nà, igun sì ni ó ti máa ń fẹ́lẹ́ jù. Ọpọ́n tó jìn tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́ ṣe yóò tún fẹ́lẹ́ sí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dà á dojú bolẹ̀. Síńkì tó dára máa ń ní rọ́bà nínípọn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, tàbí ọ̀dà pàtàkì kan tí wọ́n fi kùn ún. Ìwúlò rẹ̀ jẹ́ méjì. Ó ń dín ariwo kù nígbà tí omi tàbí ṣíbí bá bọ́ sínú ọpọ́n, kò sì ń jẹ́ kí ìrì omi máa kán sórí pákó kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tí omi tútù bá wà nínú rẹ̀. Ìdí síńkì wa àkọ́kọ́ ṣófo. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tó tú èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Àwa kò fara balẹ̀.

Ẹ mú ìkòkò yín tó tóbi jù lọ́wọ́

Síńkì lè jẹ́ 304, kó jẹ́ géèjì 18, síbẹ̀ kó má bá ilé yín mu. Ẹ kọ́kọ́ wọn ìkòkò tó tóbi jù nílé yín, ìyẹn èyí tí ẹ máa ń lò bí àlejò bá pọ̀. Bí kò bá lè dùbúlẹ̀ nínú ọpọ́n kan, ilẹ̀ lẹ ó ti máa fọ̀ ọ́. Ilé tó ní ọpọ́n ńlá kan ṣoṣo yóò gbádùn ìkòkò fífọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí omi kì í ti í yọ nígbà gbogbo, tó jẹ́ pé a ń pọn ọ́n tàbí tí a ń dúró de ẹ̀rọ amúnáwá kí a tó rí omi fà, ọpọ́n méjì ló ń dín omi kù: a ó fi ọ̀kan fọ abọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, a ó sì fi èkejì ṣàn án.

Jíjìn rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ọpọ́n tó jìn tó íǹṣì 8 tàbí 9, ìyẹn nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 sí 23, bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu. Èyí tó bá tó íǹṣì 10 ń gba ìkòkò dáadáa, omi kì í sì í ta jáde, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ẹni tó bá kúrú tẹ̀ síwájú. Ẹ dúró bí ẹni tó fẹ́ fọ abọ́, ní ibi tó ga tó pẹpẹ ilé ìdáná yín, kí ẹ sì na ọwọ́ sísàlẹ̀ ọpọ́n náà. Bí ẹ̀yìn yín bá ní láti tẹ̀ kí ìka yín tó kan ìsàlẹ̀, ẹ ó máa san owó síńkì yẹn lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìbàdí dídùn.

Ẹ tún wo igun. Igun tó rí roboto díẹ̀ rọrùn láti fọ̀ ju igun mẹ́rin gbọnrangandan lọ, ibi tí ìdọ̀tí ti ń sá pamọ́. Ẹ bu ife omi kan sínú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù bí wọ́n bá gbà fún yín. Ó yẹ kí ó ṣàn lọ sí ojú ihò fúnra rẹ̀. Ojú ihò tó fẹ̀ tó íǹṣì 3 àbọ̀ ni ó wọ́pọ̀ jù, asẹ́ rẹ̀ sì rọrùn láti rí rà bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́. Ní ti dídán, èyí tí kò dán jù, tí ìlà wínníwínní wà lára rẹ̀, ni ó sàn jù fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Èyí tó dán bíi dígí ń fi gbogbo ìhà hàn.

Ìkìlọ̀ kan tún kù: ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gé gíránáìtì tàbí pákó pẹpẹ kí síńkì tó délé. Síńkì ni a fi ń wọn ihò. Kí oníṣẹ́ sì fi gọ́ọ̀mù tí omi kì í wọ̀ yí gbogbo etí rẹ̀ ká, nítorí pé àlàfo tí kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ ló ba kọ́bọ́ọ̀dù wa jẹ́.

Ìtọ́jú rẹ̀

Mo ti sọ fún yín pé bàbá púlọ́ńbà dá èmi náà lẹ́bi. Kànìnkànìn onírin máa ń fi ẹ̀rún irin kéékèèké sílẹ̀ lára síńkì. Irin lásán ni ẹ̀rún wọ̀nyí, wọ́n ń dóògún, wọ́n sì ń kó àwọ̀ wọn ran síńkì. Èmi tún ní àṣà kan: lálẹ́, n ó da bílíìsì sínú ọpọ́n, n ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó lè funfun. Kẹ́míkà inú bílíìsì, bíi ti iyọ̀, ń jẹ awọ tí kò ṣeé fojú rí náà, ó sì ń lu irin ní ihò wínníwínní. Kódà 304 kò lè fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo bílíìsì, ẹ fi omi pò ó, kí ẹ sì ṣàn án kíákíá. Ẹ má ṣe fi ẹran tí ẹ ti fi iyọ̀ pa sílẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́jú.

Kànìnkànìn rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọbọ́ ti tó. Ẹ máa fọ̀ ọ́ sí ọ̀nà tí ìlà ara rẹ̀ gbà, ẹ ṣàn án, kí ẹ sì fi aṣọ nù ún gbẹ lálẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, omi kànga dẹ̀rọ máa ń ní èròjà irin nínú, ó sì lè fi àwọ̀ pupa sílẹ̀ láìjẹ́ pé síńkì náà ti bàjẹ́. Ẹ fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò: bí ojú ibẹ̀ bá jọ̀lọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àbàwọ́n lásán. Ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ dànù. Bí èékánná bá kọ́ ihò, a jẹ́ pé irin náà ni ìdóògún ti ń jẹ.

Nígbà tí a fẹ́ ra síńkì kejì, ọkọ mi kò dá lọ mọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ, èmi, òun àti màámi, ọkọ mi sì gbé ìkòkò àsè wa dání. Àwọn ọlọ́jà fi wá rẹ́rìn-ín títí. Ọkọ mi fi òòfà yẹ̀ ẹ́ wò, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, màámi sì na ọwọ́ sínú ọpọ́n mẹ́ta kí wọ́n tó mi orí sí ẹ̀kẹrin. Lójú ọ̀nà ilé ni ọkọ mi sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbàgbé: “N kì í fọ abọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ni mo fẹ́ mọ̀ nípa síńkì tí mo fi lọ dá a rà?” Láti ìgbà náà ni abọ́ alẹ́ Sọ́ńdè ti di tirẹ̀.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà báyìí. Síńkì náà kò dán bíi ti àkọ́kọ́, ìhà sì pọ̀ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọ́n, kò tẹ̀, pákó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ilé tuntun, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ ara yín: ta ni yóò máa dúró níbí? Ẹni náà ni kí ẹ mú lọ sọ́jà.